Etí Jàlálù àti Ìjàpá Bàbá Dúrósinmí

Ní Ìlobù, bí ọkọ̀ kékeré tí à ń pè ní Ìjàpá bá ń wúkọ́, Jàlálù ni wọ́n ń gbé e lọ bá. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn máa ń fi gílóòbù kékeré wo ìgbà tí iná ń dé púlọ́ọ̀gì. Jàlálù kì í lò ó. Etí ló fi ń ṣètò ìgbà náà, èyí tí wọ́n ń pè ní táímìn. Á tú nọ́ọ̀tì ìdí dísítíríbútọ̀ tó ń pín iná, á máa fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, títí ohùn rẹ̀ á fi tutù. Orúkọ ńlá tó ní nìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ nígbà tí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Kò sọ fún Sàídátù aya rẹ̀ pàápàá. Bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o."

Bàbá Dúrósinmí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé Ìjàpá rẹ̀ wá láti Ìfọ́n. Jàlálù yí dísítíríbútọ̀, ó tẹ́tí, ó ní ó ti dáa. Kò dáa. Iná ń tètè dé jù, ẹ́ńjìnnì sì ń kan kó-kó-kó bí ẹni ń fi òòlù lu irin.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ náà kú mọ́ bàbá lọ́wọ́ níbi tí ọkọ̀ Òṣogbo ti ń kó èrò. Wọ́n ránṣẹ́ pe Jàlálù. Nígbà tó débẹ̀, èrò ti pé jọ, Sàídátù tó fẹ́ wọkọ̀ lọ sọ́jà wà láàárín wọn. Ojú ti Jàlálù. Kó tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan! Bàbá, ẹsẹ̀ yín ló le bí igi. Ṣé báyìí ni wọ́n ń wakọ̀?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ kan pariwo pé, "Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀-Igi!"

Bàbá, àgbàlagbà tó lè bí Jàlálù, ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ mi lóòótọ́."

Jàlálù ṣáná sí ọkọ̀ náà, ó gbà. Sàídátù bá sún mọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé ẹnu sí i létí.

"Bàbá Wúràọlá, ó ń kan o. Gbogbo wa là ń gbọ́ ọ. Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ ni?"

Jàlálù yíjú wò. Bàbá ti ń wa ọkọ̀ lọ, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ń bà lẹ́rù.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì. Jàlálù yá gílóòbù lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan, ó kọrí sí Ìfọ́n, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà bàbá.

"Ẹ dárí jì mí, sà. Ẹsẹ̀ yín ò ṣe nǹkan kan. Etí mi ni kò gbọ́ràn mọ́."

"Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀ lánàá?"

"Mo fura, sà."

Bàbá mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ jáde. Ó fi lé e lọ́wọ́. Jàlálù fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí àmì tó wà lára rẹ̀ fi dé ibi tó yẹ, ó so gílóòbù mọ́ wáyà, ó rọra yí dísítíríbútọ̀ títí gílóòbù fi tàn, ó sì de nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀ le. Bàbá ṣáná sí i, ó tẹ́tí, ó mi orí pé ó ti dáa.

"Níwájú èrò lo ti bú mi," ni bàbá wí, ó gbóhùn sókè kí Jàlálù lè gbọ́. "Ibẹ̀ ni kó o ti lọ sọ ọ́."

Jàlálù lọ síbi tí ọkọ̀ Òṣogbo ti ń kó èrò. Sàídátù bá a lọ. Jàlálù dúró láàárín àwọn awakọ̀, ó ní òun ló ba ọkọ̀ bàbá jẹ́, pé òun kì í gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ẹnì kan sọ nǹkan láti ẹ̀yìn, àwọn yòókù fọwọ́ bo ẹ̀rín.

"Kí ló wí?" Jàlálù bi aya rẹ̀.

"Kò wí nǹkan kan," ni Sàídátù fèsì, ó sì di apá rẹ̀ mú.