Tíì Ràímì

Ìyá Khalid kò sunkún nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Àwọn ará ilé ọkọ sọ̀rọ̀ sí i títí, díẹ̀ ló kù kí n bá wọn jà. Sìlífátù lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí a ti jọ ń dín dòdò létí títì ní Ìkirè, iná tèmi kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì sí tirẹ̀.

Ó ṣe opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ó padà sídìí iná, ṣùgbọ́n inú ń dà á láàmú. Inú á wú, á máa kùn, òun náà á sì sáré lọ sẹ́yìn ilé lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí mo bá béèrè bó ṣe ń ṣe é, á ní, “Ó wà bẹ́ẹ̀,” bí ẹni ń sọ̀rọ̀ inú ẹlòmíràn.

Ó ra kápúsù lọ́wọ́ akiri-oògùn kan. Wọ́n ní kòkòrò rere tó wà láàyè ló wà nínú rẹ̀, tí í máa tún ikùn ṣe. Ibi tí gbogbo àwa adíndòdò ń tọ́jú nǹkan sí náà ló tọ́jú ẹ̀ sí: ẹ̀gbẹ́ ààrò, níbi tí ojú wa wà. Ó lò ó, kò rí ìyàtọ̀. Mo ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú, mo fà á lọ sọ́dọ̀ Humairah, ọmọbìnrin tó ní kẹ́míìsì ní Àpòmù.

“Ẹ̀gbẹ́ iná kẹ̀?” Humairah ní. “Mà, ẹ ti se gbogbo wọn jinná.”

Mo rẹ́rìn-ín. Sìlífátù kò rẹ́rìn-ín. “Ṣé kí n ra òmíràn?”

“Ẹ ní sùúrù ná.” Ó béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, bóyá ó ń rù. Rárá. Ó wá mú ike oògùn kan. “Èyí kì í ṣe kòkòrò. Ó ń bá ikùn lọ mílíìkì ni, fún ẹni tí inú rẹ̀ kò gbà á. Ṣé ẹ máa ń mu mílíìkì?”

“Mi ò mu mílíìkì rí.”

“Òótọ́ ni,” mo ní. “Bí wọ́n bá gbé e fún un níbi ìsọmọlórúkọ, èmi ló ń gbé e fún.”

Sìlífátù ń wo ilẹ̀. “Àfi tíì Bàbá Khalid.”

Nígbà ayé Ràímì ọkọ rẹ̀, bó bá ti kírun àárọ̀ tán, ife tíì kan ló ń mu, mílíìkì á pọ̀ níbẹ̀ ju omi lọ. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ìyàwó rẹ̀ fi pò ó fún un.

“Mo máa ń pò ó tán kí n tó rántí,” ó ní. “Mi ò lè dà á nù, Títílọlá. Mo máa ń mu ún.”

Inú bí mi, sí ara mi ni. Ẹsẹ̀ bàtà méjì péré, n kò bi í rí pé kí ló fi ń panu láàárọ̀.

Humairah rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ má ra nǹkan kan, mà. Ẹ fi mílíìkì yẹn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ká wò ó bóyá inú yín á rọlẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fi í sílẹ̀ ló nílò oògùn yìí.”

Sìlífátù ti ń tú owó létí aṣọ rẹ̀.

“Èmi ni ẹni náà,” ó ní. “Fún mi.”