Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyàwó Modeste

Iṣẹ́ òṣùwọ̀n ni Modeste ń ṣe ní Datcha. Bí àwọn àgbẹ̀ bá kó òwú dé ọjà, òun ló ń gbé e kọ́, tí ó ń pe iye kílò rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun méjì ló fi ń yangàn láyé: òṣùwọ̀n rẹ̀ tí kì í purọ́, àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, Málọmọ́, ìyá Aymar ọmọ wọn.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Ó rí roboto, ó ń dán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú. Bí Málọmọ́ bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì lọ́jọ́ Àìkú, àwọn obìnrin a máa fi ìgúnpá gún ara wọn: "Ọkọ ló ń tọ́jú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn." Modeste á gbọ́, inú rẹ̀ á dùn, á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òògùn ló gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wá. Ọdún kẹfà nìyí tí làkúrègbé, irú èyí tó ń mú gbogbo oríkèé wú, ti dé bá Málọmọ́, tó fi jẹ́ pé ọkọ ló ń bá a de bọ́tìnì láàárọ̀. Wọ́n fún un ní kóró òògùn kọ́tísónì. Ìrora dín kù díẹ̀, ebi dé. Ebi ọ̀hún kì í ṣe ti ọmọ ènìyàn. Málọmọ́ á jẹ iṣu tirẹ̀ tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo tẹni tó jókòó tì í. Bí wọ́n bá sì dín òògùn náà kù, ọwọ́ á tún wú, wọ́n á tún dá a padà.

Dókítà Noëlle ní Lomé ló kọ́kọ́ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó wo èsì àyẹ̀wò, ó mí kanlẹ̀.

"Ṣúgà ti ń gòkè, egungun yín ti ń fúyẹ́ nínú. Mádáàmù, àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara yín ti yí ìbọn sí onílé. Kọ́tísónì, gbogbo ará ilé ló ń nà kí ìjà tó parí. Abẹ́rẹ́ tuntun kan ti wà báyìí, ẹni tó ń dá ìjà sílẹ̀ nìkan ló ń wá dì mú."

"Ẹ bá wa dì í mú," ni Modeste wí.

"Díẹ̀díẹ̀ la ó máa dín kọ́tísónì kù. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Ara ò fẹ́ ká já a gbà lójijì."

Wọ́n yẹ Málọmọ́ wò bóyá ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, nítorí abẹ́rẹ́ náà lè jí i dìde, kò ní. Ètò kan tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ gba orúkọ rẹ̀ láti bá wọn san owó abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni yóò máa gba abẹ́rẹ́ kan sí itan. Inú òtútù ni wọ́n gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dì. Wọn ò ní fìríìjì. Lucie, aládùúgbò wọn tó ń ta omi ìṣápá tútù, ní kí wọ́n gbé e sínú tòun. Modeste lẹ ìwé mọ́ ọn: ÒÒGÙN NI, KÌ Í ṢE ÌṢÁPÁ. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

"Bàbá Aymar," ni Lucie wí lọ́jọ́ kan, "ẹ jẹ́ kí òtútù ráyè jókòó. Gbogbo ẹ̀ lẹ ti fi ilẹ̀kùn ṣíṣí lé jáde."

Lóṣù kẹta, Málọmọ́ de bọ́tìnì ara rẹ̀. Lóṣù kẹrin, kọ́tísónì ti kúrò ní kóró mẹ́rin, ó ku ẹyọ kan lójúmọ́. Ebi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ ni wàhálà Modeste ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kò gún ara wọn ní ìgúnpá mọ́. Òun ni wọ́n ń wò láti òkè délẹ̀. Lọ́jà òwú, àgbẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń jiyàn kílò méjì pariwo: "Ṣé bí o ṣe ń dín tìyàwó ẹ kù lo fẹ́ dín tèmi kù?" Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín.

Modeste délé tòun ti ìbànújẹ́. "Ìyá Aymar, ṣé o ò lè máa fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí a bá ń jáde?"

Málọmọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìròyìn náà dé Elavagnon, ọ̀dọ̀ Àpọ̀kẹ́, ìyá Modeste. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú iṣu mẹ́fà àti àkùkọ kan tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀. Málọmọ́ kúnlẹ̀ kí i, ó sì dìde láì di nǹkan kan mú. Ìyá kò kíyè sí i. Ọmọ rẹ̀ ló dojú kọ.

"Modeste, kí ni ọmọ ọlọ́mọ fi ṣe ọ́?"

"Màmá, òògùn ni..."

"Òògùn tó ń gbẹ ènìyàn? Mo mọ̀ ọ́n. Ahun ni wọ́n ń pè é."

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà tí àkùkọ fi tú okùn, tó fò jáde. Modeste gbá tẹ̀ lé e, ó sì jókòó sínú abọ́ aṣọ tí wọ́n rẹ. Málọmọ́ ṣán ìró rẹ̀ le, ó yà lẹ́yìn kànga, ó dènà, ó sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbá ìyẹ́ àkùkọ náà mú.

Ìyá Àpọ̀kẹ́ súnmọ́ ọn. Ó ń tẹ àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ọwọ́ tí kò lè di ṣíbí mú nígbà Kérésì nìyí?"

"Òun náà ni, Màmá."

"Ojú wá ńkọ́?"

"Ojú mi àtijọ́ ló padà wá. Òògùn ti tẹ́lẹ̀ ló mú un wú."

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀ tí omi ń ro tótó lára rẹ̀. "O ò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀?"

"Màmá, mo ní..."

"Dákẹ́. Lọ pààrọ̀ ṣòkòtò."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ọwọ́ Málọmọ́ sókè bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ tà. "Ẹ fi ojú ẹ̀ sílẹ̀! Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ wò!"

Ìdajì kóró ló kù báyìí. Dókítà ní ó lè tán pátá, ó sì lè má tán. Abẹ́rẹ́ ni kò ní dúró. Ìyá Àpọ̀kẹ́ kò tíì padà sí Elavagnon. Ó ní orúnkún òun náà ń dun òun, kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ náà díẹ̀ sí i. Málọmọ́ ṣàlàyé pé kì í ṣe gbogbo orúnkún ni abẹ́rẹ́ náà wà fún, àfi kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. "Ẹ jẹ́ ká lọ nígbà náà," ni ìyá wí. Modeste ti bẹ awakọ̀ Lomé pé kó fi ìjókòó mẹ́ta sílẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ Ajé.