Ọjọ́ Tí A Gbàdúrà Ọmọ fún Adìyẹ

Ọjọ́ Sátidé tí àwọn alàgbà ìjọ wá gbàdúrà fún adìyẹ wa ní àdúgbò Castle Green nílùú òyìnbó kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Adìyẹ mẹ́rin ni ọkọ mi ń sìn lẹ́yìnkùlé wa. Ó ní àárín adìyẹ ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà n'Íjẹ̀bú, pé kò sí ohun tí òun kò mọ̀ nípa wọn. Mẹ́ta ń yé dáadáa. Ẹ̀kẹrin tó sọ ní Àbẹ̀kẹ́, tó ń jẹun ju gbogbo wọn lọ, kò yé ẹyin kan ṣoṣo.

Mo ní ogbe orí rẹ̀ ga ju ti àwọn yòókù lọ. Ọkọ mi ní, "Ìwọ tí wọ́n bí sí Èkó, kí lo mọ̀ nípa adìyẹ? Àgàn ni. Àdúrà ló kù."

Alàgbà méjì dé nínú aṣọ funfun, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ẹrẹ̀. Wọ́n wọ́n omi àdúrà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí, wọ́n ní kí Olúwa ṣí inú rẹ̀. Bí a ṣe ṣe àmín, Àbẹ̀kẹ́ gbọn ìyẹ́, ó na ọrùn, ó sì kọ tí gbogbo àdúgbò gbọ́.

Alàgbà kan rọra béèrè pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé akọ kọ́ nìyí?"

Ọkọ mi ní, "Ẹ ò rí i pé àdúrà ti ń ṣiṣẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rin gbáko ni èmi náà fi mu irú omi yẹn kí n tó bí àkọ́bí wa, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n yẹ àkùkọ wò.