Kọfí Àjókòómu

Ọdún méjìlá gbáko ni Ẹnjiníà Abdulateef fi ṣáájú àwọn arúgbó Yorùbá tó wà ní Mẹ́kà lọ sí Mina lásìkò Hajj. Iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ló gbé e wá sí Jeddah, àdúgbò Al-Baghdadiyah níbẹ̀ ló ń gbé, ṣùgbọ́n bí Hajj bá ti dé, yóò gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, yóò máa ru ẹrù ìyá oníyàá. Ọdọọdún ni Ìyá Ṣìkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà, máa ń sọnù láàárín àgọ́ Mina, òun náà ni yóò wá a rí. Kò gba kọ́bọ̀. Kò sí iṣẹ́ tó fẹ́ràn tó o láyé.

Ní 1995, ilé iṣẹ́ rẹ̀ rán an lọ sí Ítálì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti kọ́ nípa ẹ̀rọ tuntun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, àwọn òyìnbó tó ń kọ́ ọ mú un lọ sí ilé kọfí. Ẹ wá wo nǹkan! Àwọn èèyàn tò sídìí káńtà, wọ́n ń da kọfí tí kò kún ẹnu sí ọ̀fun lórí ìdúró, wọ́n sì ti ń lọ. Igo ọtí tò bẹẹrẹ sẹ́yìn káńtà. Abdulateef ní òun ò ní mu nǹkan lórí ìdúró, Ànábì kò fẹ́ ẹ. Ó fa àga, ó jókòó. Ni wọ́n bá gbowó ìlọ́po méjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní owó ìjókòó ni.

"Owó ìjókòó kẹ̀? Ṣé mo fẹ́ gbé àga yín lọ sílé ni?"

Inú bí i, ṣùgbọ́n ó san án, ó sì ń san án láràárọ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi pé.

Lẹ́yìn tó padà, àwọn òyìnbó náà fi fọ́tò kan tí wọ́n jọ yà nílé kọfí ránṣẹ́ sí i. Morufat ìyàwó rẹ̀ gbé e sí pálọ̀. Àlejò kan láti Mẹ́kà rí igo ọtí nínú rẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan, ó jẹ ìrẹsì Morufat tán, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Mẹ́kà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Àlàájì Harun, olórí àwọn Yorùbá ní àdúgbò Al-Hujun ní Mẹ́kà, ti ránṣẹ́ pé ẹni tó ń jókòó nílé ọtí kò gbọ́dọ̀ ṣáájú àwọn èèyàn òun lọ sí Mina mọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ara Abdulateef gbóná. Ó mú fọ́tò, ó di Mẹ́kà, ó fi í lélẹ̀ níwájú Àlàájì.

"Àlàájì, ẹ wò ó dáadáa. Kọfí ni gbogbo wa ń mu. Èmi nìkan ni mo jókòó mu tèmi."

Àlàájì fi awò sójú. Òyìnbó mẹ́rin wà lórí ìdúró. Abdulateef jókòó láàárín wọn, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ife kékeré mú.

"Wallahi, òótọ́ ni." Àlàájì rẹ́rìn-ín. "Sunnah lo gbé lọ bá wọn lọ́hùn-ún! Yaani, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìwọ náà ni kó ṣáájú wọn."

Abdulateef dìde.

"Ẹ ṣeun, Àlàájì. Ọdún méjìlá ni mo fi pọn àwọn ìyá yín ní Mina, lójú yín. Ìyẹn ò jẹ́rìí gbè mí. Àga Ítálì ló wá jẹ́rìí gbè mí? Ẹ wá ẹlòmíì."

Ó jáde. Kó tó dé ìdí ọkọ̀, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Inú ń bí i sí Àlàájì, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀, nítorí ó ti ń ronú ẹni tí yóò máa wá Ìyá Ṣìkẹ́ rí.