Etí ló ń dun ọmọ, mi ò gbọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èdè Hausa sọ mí di odi ní Kàdúná lónìí!

Ẹ̀gbọ́n mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá ní Badarawa lọ sọ́jà, ó fi Ràlíátù ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Hausa nìkan lọmọ náà ń sọ. Àfi bó ṣe bú sẹ́kún:

"Kunnena! Kunnena!"

Mo ṣe bí "kúnlẹ̀" ló ń wí. Mo kúnlẹ̀. Ẹkún pọ̀ sí i. Mo pọ̀n ọ́n, èmi náà ń sunkún.

Ìyá Ìlọrin tá a jọ ń gbélé sáré wọlé.

"Etí ló ń dùn ún! Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mi ò gbọ́, mà."

Ó gba ọmọ lẹ́yìn mi. Ràlíátù gbórí lé e léjìká, kò tiẹ̀ wojú mi mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lókè Ọya, ẹ gbà mí o. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?