Oríkì Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Àpilẹ̀kọ Mi

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà kì í ṣe ẹ̀rù pé wọn ò ní gba iṣẹ́ mi. Ìyẹn ti mọ́ mi lára. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń kọ àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí àwọn jọ́nà, ìwé àtìgbàdégbà tó wà fún ìmọ̀ ẹ̀sìn, wọ́n sì ti dá èyí tó pọ̀ padà fún mi. Màá mu omi, màá tún iṣẹ́ náà kà, màá wá fi bírò pupa sàmì síbi tó kù díẹ̀ káàtó, bí mo ti máa ń ṣe sí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọ̀tọ̀ ni ti ọjọ́ yìí.

Jọ́nà tí mo fi iṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí ní òfin kan tí mo fẹ́ràn. Olóòtú á kọ́kọ́ yọ orúkọ ẹni tó kọ iṣẹ́ kúrò, á wá fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí onímọ̀ kan pé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Onímọ̀ náà ò ní mọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ náà ò ní mọ onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ojúsàájú, kò sí ìbínú àtijọ́.

Ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ ni àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Accra, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Alata, àti ohun tójú ẹ̀sìn wa rí nígbà tí ìjọba àtijọ́ kan pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ. Ọ̀pọ̀ lọ. Àwọn díẹ̀ fara pamọ́. Màmá àgbàlagbà kan ní àdúgbò Kotobabi wà lára àwọn tó fara pamọ́, ìtàn tó sọ fún mi ló sì di ọkàn àpilẹ̀kọ náà. Mùsùlùmí ni. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń ṣe àsàlátù ládùúgbò wọn, ilé lèmọ́mù sì ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ti lọ́kọ. Àmọ́ ní ọdún wàhálà yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Ga, ọmọ onílẹ̀, mú un lọ sílé wọn létí òkun, ó pè é ní àbúrò òun, ó sì mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí ọ̀rọ̀ náà lè fìdí múlẹ̀ lójú aráyé. Wọ́n rì í bọmi níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wọnú omi, oríkì orílẹ̀ rẹ̀, èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń kí i láàárọ̀, ló ń kà nínú ara rẹ̀, kó má bàa gbàgbé ọmọ ẹni tí òun í ṣe.

Ó ní, "Kọ ọ́ o, tíṣà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ pé èmi ni, o ti pa mí. Àwọn àna mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ láéláé."

Mo ṣèlérí. Mo yọ orúkọ rẹ̀, mo yọ àdúgbò rẹ̀, mo yọ irú ohun tó ń tà lọ́jà Okaishie. Mo fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́.

Nígbà tí èsì dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò yìn mí. Ó tọ́ka sí àwọn ibi tí mo ti kánjú, òótọ́ sì lọ̀rọ̀ rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ló wá kọ ọ́ pé oríkì tí mo kọ síbẹ̀ ló dára jù nínú iṣẹ́ náà, pé agbo ilé kan ṣoṣo ló ń jẹ́ ẹ, àti pé òun rò pé òun mọ ìyá náà.

Mo ti yọ orúkọ, mo fi oríkì sílẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá á kà á bí ewì lásán. Ọmọ Yorùbá tó bá kà á á rí ìlú, á rí agbo ilé, á rí àwọn baba tó ti kú. Mo dà bí ẹni tó fi gèlè bo orí ìyá náà, tó wá fi ojú pẹ̀lú ilà rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu.

Láti ọjọ́ yẹn ni ojú gbogbo èèyàn ti di ojú onímọ̀ náà lójú mi. Nínú tirotiro, bọ́ọ̀sì èrò tó ń lọ sí Dansoman, mo ń wo ọkùnrin tó ń kàwé. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, ará ilé lèmọ́mù tí ọmọ ìyá náà wà, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mọ́mì, mo gbọ́ pé ẹ ṣì ń kọ̀wé."

Mo ń wo ẹnu rẹ̀, mo ń retí kó dárúkọ ìyá náà.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ń wáṣẹ́. Ẹ bá mi tún Gẹ̀ẹ́sì inú lẹ́tà ẹ̀ ṣe."

Mo gbà. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹ̀rù yìí kan ìyá náà jù mí lọ, ó sì yẹ kó gbọ́. Mo lọ sí Kotobabi.

Ó ń ṣa ẹ̀wà. "Tíṣà, ojú ẹ ò dáa. Wọ́n tún dá iṣẹ́ ẹ padà?"

"Rárá, Màmá. Wọ́n fẹ́ gbà á."

"Kí ló wá dé? Àbí òyìnbó fẹ́ wá fẹ́ mi ni?"

Mo sọ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Òfin wọn ni pé n ò gbọdọ̀ mọ̀."

"Irú òfin wo nìyẹn? Ó ń wò mí, èmi ò rí i! Ṣé egúngún ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ó dìde lọ ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n ka oríkì náà bí mo ṣe kọ ọ́. Mo kà á. Kò gbójú sókè títí mo fi parí.

"Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò kà á fún mi mọ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Yọ ọ́ kúrò."

"Màmá, òun ló dára jù níbẹ̀. Bí mo bá yọ ọ́, wọ́n lè má gba iṣẹ́ náà mọ́."

"Mo gbọ́. Yọ ọ́. Tèmi ni."

Mo yọ ọ́. Níbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo kọ ọ́ pé obìnrin náà sọ ohun kan fún ara rẹ̀ nínú omi, pé mi ò ní kọ ohun tó sọ. Mo fi ránṣẹ́ padà, mo sì ń retí kí wọ́n kọ̀ ọ́.

Wọ́n gbà á. Olóòtú fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí onímọ̀ náà sọ ránṣẹ́ sí mi. Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń kọ bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni ìlà ìkẹyìn yìí, àmì ohùn orí rẹ̀ sì pé: "Ó dáa bí ẹ ṣe yọ ọ́. Ẹ bá mi kí Màmá."

Mi ò tíì jíṣẹ́ náà. Bí mo bá dé Kotobabi, màá kọ́kọ́ wo àwọn tó jókòó tì í, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bóyá onímọ̀ náà wà láàárín wọn, kí n tó kúnlẹ̀ kí i. Bí mo bá jíṣẹ́, á bi mí pé ta ló ní kí n kí òun.