Ọjọ́ tí Ìyá Ìbejì Kí Kọ̀ǹpútà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi gbé fóònù rẹ̀ sí mi létí nínú ilé wa ní Fẹ́sítàkì. "Mọ́mì, ẹ gbọ́ ariwo tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ máa ń pa kó tó bá èkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀." Ẹ̀rín ń pa á. Ohùn kan fọn bíi fèrè, òmíràn dá a lóhùn, lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì wá ń ha bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti padà di ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ò bá ayé ìgbà náà. Nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà gìrìwò kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó kún yàrá bámúbámú, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ amúlétutù kẹ́ bí ìyàwó tuntun. Ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ kékeré tó wà lọ́dọ̀ tiwa, ní Àfẹ́núù Kejì, ohun tí wọ́n ní kò ju ojú kan bíi ti tẹlifíṣọ̀n àti pátákó ìtẹ̀wé lọ. Tẹ́míínà ni wọ́n ń pè é. Kò ní ọpọlọ tirẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọn á fi tẹlifóònù pe Ìsàlẹ̀ Èkó, wọn á wá ki etí àti ẹnu tẹlifóònù náà bọ inú ihò rọ́bà méjì lára àpótí kan, kí ẹ̀rọ lè máa bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pariwo nínú yàrá, ariwo náà á bá wọn wọnú wáyà lọ, gbogbo ọ̀rọ̀ á sì dàrú. Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò màmá mi, ló ń jókòó sídìí rẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ sín lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà ni Kẹ́hìndé, ọmọ Ìyá Ìbejì, télọ̀ tó wà ní kílóòsì wa, òpópónà kékeré tí ilé wa wà. Òun, Táyé àti èmi la jọ ṣe ìdánwò láti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí orúkọ jáde, tèmi wà ńbẹ̀, ti Táyé wà ńbẹ̀, ti Kẹ́hìndé ò sí. Kì í ṣe pé ó fìdí rẹmi o. Kò sí níbì kankan rárá, bí ẹni tí wọn ò bí. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì máa ti ìwé orúkọ náà pa. Kẹ́hìndé ò sunkún. Ó kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀, ó ń ṣa bọ́tìnnì pupa kúrò lára funfun.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Ìyá Ìbejì fà wá lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Àǹtí Dúpẹ́. Àǹtí tẹ pátákó ìtẹ̀wé títí, ó wá mí kanlẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, kọ̀ǹpútà ti pa orúkọ Kẹ́hìndé rẹ́. Orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ilé kan náà. Ó rò pé ọmọ kan ni wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ta ló rò bẹ́ẹ̀?"

"Kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó."

"Ibo lẹ ti ń bá a sọ̀rọ̀?"

Àǹtí nawọ́ sí tẹlifóònù inú rọ́bà. Ká tó ṣẹ́jú, Ìyá Ìbejì ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ti gbẹ́nu lé e. "Ẹ káàsán o, sà! Ẹ má bínú, sà! Ọmọ méjì ni mo bí! Méjì gedegbe!"

Àmì wúruwùru kún ojú tẹ́míínà, ó sì ṣókùnkùn.

"Háà! Ẹ ti já ìlà náà!" Àǹtí ké.

"Ṣé kí n dé ọ̀dọ̀ àgbà kí n má kí i ni?"

Kẹ́hìndé bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

Òṣìṣẹ́ kan tó ń kọjá dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ ìbí Kẹ́hìndé, kọ̀ǹpútà á gbà á. Ìyá Ìbejì wò ó tìka-tẹ̀gbin. "Kẹ́hìndé ò sun inú mi mọ́jú. Táyé ò tíì sunkún tán tó fi dé."

Àǹtí tún pè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló já. Lẹ́ẹ̀kẹrin, fèrè náà dún, a dákẹ́, Ìyá Ìbejì fi ìborùn bo ẹnu. Àǹtí kọ̀wé sí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà lọ́hùn-ún. Tẹ́míínà ò mọ àmì ohùn, lẹ́tà gàdàgbà nìkan ló mọ̀: KI I SE ENI KAN. IBEJI NI WON.

A dúró títí ọrùn fi ń dùn mí. Lẹ́tà wá ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: MO TI DA ORUKO PADA. E BA MI KI IYA IBEJI.

Àǹtí kà á sókè. Ìyá Ìbejì ṣí ìborùn kúrò lẹ́nu. "Ẹ ò rí i? Ó gbọ́ mi!"

Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn kọ̀ǹpútà kékeré tó ní ọpọlọ tiwọn dé, tí wọ́n gbé tẹ́míínà jùnù. Lónìí, wáyà gan-an ò sí mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ọmọ mi ti ń kún fọ́ọ̀mù. Mo ròyìn ọjọ́ yẹn fún un, ó bi mí bóyá ẹ̀rọ yẹn gbọ́ lóòótọ́. Mo ní ẹnìkan gbọ́. Mo sì rò pé ẹnìkan ṣì ń bẹ lọ́hùn-ún títí di òní, bó ti wù kó jìnnà tó.

Kẹ́hìndé ti di olùkọ́ ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Bí orúkọ àwọn ọmọ tuntun bá ti dé, kó tó ka ohunkóhun, ó máa ń mú bírò, á wá àwọn ìbejì níbẹ̀, á sì fàlà sábẹ́ orúkọ wọn. Ó pè mí lánàá. Ìbejì mẹ́ta ló wà lọ́dún yìí, méjìméjì ni wọ́n sì pé.